Ta ló ní Cleveland Browns ò gba ife rí?

Láàárín àwa tí a ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ẹgbẹ́ kan wà tí kálukú fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: Cleveland Browns, ti ìpínlẹ̀ Ohio. "Àwọn yẹn? Wọn ò gba ife kankan rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wá. Lọ́dún 2017, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 ni wọ́n gbá, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n sì pàdánù, kò ku ẹyọ kan. Emmanuel Ogbah, tí wọ́n bí l'Ékòó, wà nínú ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn, ó jẹ nínú ìyà ọ̀hún. Títí dòní, Browns ò dé Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá NFL, líìgì àgbà bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, rí. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ ife mẹ́jọ ni wọ́n ti gbà: mẹ́rin nínú líìgì AAFC, mẹ́rin nínú NFL.

Super Bowl ló da ọ̀rọ̀ náà rú. Oṣù Kìíní ọdún 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá a, bẹ́ẹ̀ NFL ti wà láti 1920. Ẹ wo Liverpool: ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ni wọ́n ti gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí Premier League tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1992. Ṣé ẹnì kan lè dúró níwájú àwọn olólùfẹ́ Liverpool kó ní ti ọdún 2020 ni àkọ́kọ́ wọn? Kó gbìyànjú ẹ̀ wò.

Lọ́dún 1946 ni Browns bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wà ní Cleveland tẹ́lẹ̀, ìyẹn Rams, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife NFL ti 1945 tán ni, ló bá palẹ̀ ẹrù mọ́, ó gba Los Angeles lọ. AAFC, líìgì tuntun tó fẹ́ bá NFL figa gbága, ló gbé Browns dé. Paul Brown, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, mú Otto Graham láti máa ju bọ́ọ̀lù, ó sì mú adúláwọ̀ méjì, Marion Motley àti Bill Willis, bí oṣù mẹ́jọ kí Jackie Robinson, adúláwọ̀ bíi tiwọn, tó wọ líìgì àgbà ní baseball. Nígbà tí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Miami lọ́dún yẹn, ilé ni Motley àti Willis wà: òfin Florida ò gbà kí dúdú àti funfun jọ ṣeré.

Ọdún mẹ́rin péré ni AAFC fi wà, Browns ló sì gba gbogbo ife rẹ̀. Àwọn NFL ń yínmú sí i. Lọ́dún 1950, Browns wọ NFL, wọ́n sì fi Philadelphia Eagles tó gba ife ọdún méjì léraléra ṣe ẹni tí wọ́n á kọ́kọ́ kojú, ní Philadelphia níbẹ̀, níwájú èèyàn tó lé ní 71,000. Browns nà wọ́n 35 sí 10.

Ta ni wọ́n wá bá pàdé ní àṣekágbá? Rams náà ni, àwọn tó já Cleveland jù sílẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni, òtútù mú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Àmì kan ṣoṣo tó bọ́ mọ́ Browns lọ́wọ́ ṣáájú ló kù díẹ̀ kó kó bá wọn: Rams 28, Browns 27, eré sì ti ń parí lọ. Lou Groza bọ́ síwájú. Géńdé ni, òun kan náà tó máa ń fara dí ọ̀nà mọ́ àwọn alátakò ló tún ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó. Ó gbá a, ó wọlé. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 28. 30 sí 28.

Wọ́n tún gbà á ní 1954 àti 1955. Ọdún mẹ́wàá tí Graham fi gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ọdún tí kò dé àṣekágbá, ó sì gba ife méje. Ta ló tún fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìkẹjọ dé lọ́dún 1964, nígbà tí Jim Brown, ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù, ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Baltimore Colts ni gbogbo èèyàn rò pé yóò gbà á. Wọ́n dé ìsinmi, òdo sí òdo. Gary Collins wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba bọ́ọ̀lù wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó di 27 sí òdo.

Àwọn kan á ní ó dáa, ṣùgbọ́n Browns yẹn kọ́ la ní báyìí, ó ti di Baltimore Ravens. Ibí yìí ni mo ti máa ń rí i pé àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù dáadáa pàápàá ń ṣì í. Lóòótọ́, ní oṣù Kọkànlá 1995, Art Modell tó ni ẹgbẹ́ náà kéde pé òun ń kó o lọ sí Baltimore. Cleveland fárí gá, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Àdéhùn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996 ni pé Modell lè kó àwọn agbábọ́ọ̀lù àti òṣìṣẹ́ lọ, àmọ́ orúkọ, àwọ̀ aṣọ àti gbogbo ìtàn ẹgbẹ́ náà ò gbọdọ̀ kúrò ní Cleveland. Browns sinmi fún ọdún mẹ́ta, wọ́n padà sórí pápá ní 1999. Ravens, ẹgbẹ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996 ni NFL kà wọ́n sí. Torí náà, nígbà tí wọ́n na New York Giants 34 sí 7 nínú Super Bowl ní oṣù Kìíní 2001, ife Baltimore nìyẹn, ti 1964 sì jẹ́ ti Cleveland. Modell kan náà ló ni ẹgbẹ́ méjèèjì nígbà tí wọ́n gbà á.