Káàdì AA Kọ́ Ló Yọ Ọmọ Náà

Bí ìyá tó ní kòkòrò HIV bá bímọ tí ọmọ ò kó o, ẹ dúró díẹ̀, ẹ óò gbọ́: "AA ni ọmọ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ le." Ẹlòmíì á ní rárá o, AS ni kòkòrò ń sá fún. Àwọn fúnra wọn ò tíì fẹnu kò.

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù yìí ni gbogbo ẹ̀ ti dàrú. AA, AS, SS: èròjà pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń sọ. A ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di ìgbéyàwó kí á má baà bí ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde. HIV ò bá ìyẹn ṣe. Sẹ́ẹ̀lì funfun, àwọn sójà ara, ló ń wọ̀, ó sì sábà máa ń gba ilẹ̀kùn kan tó ń jẹ́ CCR5. Lóòótọ́, àwọn kan jogún ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, kòkòrò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé sí wọn lára. Láti 1996 ni wọ́n ti mọ̀. Àmọ́ òyìnbó ìhà àríwá Yúróòpù ni wọ́n, bí ẹnìkan nínú 100. Lára àwa adúláwọ̀, agbára káká la fi ń rí i. Ta ló wá gbé e fún ọmọ tí wọ́n bí sí Mọ́kọ́lá?

Ẹ tún wo ìbejì. Nínú àkọsílẹ̀ kan tó jáde ní 1991, nígbà tí kò tíì sí oògùn tó ń dáàbò bo ọmọ inú, nínú àwọn tí wọ́n bí láìsí iṣẹ́ abẹ, nǹkan bí ìdajì àwọn Táyé ló kó o. Kẹ́hìndé ò tó 20 nínú 100. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ló la ọ̀nà, òun ni ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ìyá kàn jù. Àbí jẹ́nótáìpù ló ń yan ẹni tó máa ṣáájú ni?

Mi ò ní àjogúnbá ò lọ́wọ́ sí i rárá. Ní Kẹ́ńyà, ìwádìí kan fi hàn pé bí àmì ara sẹ́ẹ̀lì tí àwọn sójà ara fi ń dá ọ̀tá mọ̀, tí wọ́n ń pè ní HLA, bá ṣe jọra tó láàárín ìyá àti ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ewu ń pọ̀ sí i. Ó jọ pé kòkòrò tó ti ń yíra padà nínú ìyá ti mọ bó ṣe ń yẹ irú sójà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, bí olè tó ti mọ ajá ilé. Bóyá. Ṣùgbọ́n kò sí káàdì tí wọ́n kọ ìyẹn sí.

Láìsí oògùn kankan, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló ń kó o. Èyí tó pọ̀ jù ń bọ́, ẹ̀jẹ̀ yòówù kí wọ́n ní. Bí ìyá bá ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, wọn kì í tó 5. Ìyá kan fi káàdì AA ọmọ ẹ̀ hàn mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìgò nevirapine, oògùn tí kì í jẹ́ kí ọmọ kó HIV, tí wọ́n ní kó máa fún ọmọ náà lójoojúmọ́ wà lójú fèrèsé lẹ́yìn ẹ̀. Wọn ò tíì ṣí i.