Sáà 20 The Simpsons lórí DVD àti Blu-ray

Sáà 20 The Simpsons ni àpótí àwo tí 20th Century Fox Home Entertainment gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2010. Ó kó gbogbo abala 21 tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox fi hàn láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 títí di ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2009. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó ní àwo DVD mẹ́rin, àti èyí tó ní àwo Blu-ray méjì, irú àwo tó ń gbé àwòrán tó mọ́ ju ti DVD lọ. Kò sí sáà kankan nínú eré kàtúùn yìí tó ti jáde lórí Blu-ray rí ṣáájú rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń kó àpótí wọ̀nyí jọ sì fi ń rántí rẹ̀ jù ni pé kò dúró kó kàn án. Sáà 12 ló jáde gbẹ̀yìn ṣáájú rẹ̀, nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2009. Ó fo sáà méje, láti 13 dé 19, kó tó bọ́ síta.

Eré náà

Matt Groening ló dá ẹbí Simpson sílẹ̀. Ọdún 1987 ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rí wọn, nínú àwọn àwòrán kúkúrú tó máa ń wà láàárín The Tracey Ullman Show. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1989, eré náà dá dúró fúnra rẹ̀ lórí Fox, abala kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìdajì wákàtí pẹ̀lú ìpolówó ọjà. Groening, James L. Brooks àti Sam Simon ni wọ́n jọ sọ ọ́ di eré ńlá. Homer ni bàbá ilé, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń fi agbára núkílíà pèsè iná mànàmáná ní ìlú Springfield. Marge ni ìyàwó rẹ̀. Bart ni àkọ́bí, ọmọkùnrin tí wàhálà kì í jìnnà sí. Lisa ló tẹ̀ lé e, òun sì ni orí rẹ̀ pé jù nínú ilé. Maggie ṣì wà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń dàgbà nínú wọn. Ọmọ ọdún 10 ni Bart ní 1989, ọmọ ọdún 10 náà ló sì jẹ́ nínú sáà 20.

Sáà yìí ló mú The Simpsons dọ́gba ní iye sáà pẹ̀lú Gunsmoke, eré ajẹmọ́-ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1955 sí 1975. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Ní 2008, iṣẹ́ falẹ̀ nítorí pé Fox àti àwọn òṣèré tó ń fohùn sí eré náà ń fa ọ̀rọ̀ owó. Mẹ́fà ni àwọn òpómúléró wọ̀nyí: Dan Castellaneta, Julie Kavner, Nancy Cartwright, Yeardley Smith, Hank Azaria àti Harry Shearer. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fọ ohùn ẹni púpọ̀. Castellaneta nìkan ni Homer, ni bàbá Homer, ni Krusty apanilẹ́rìn-ín. Al Jean ló ń darí iṣẹ́ lápapọ̀, ipò tó ti dá wà láti sáà 13.

Àwọn abala inú rẹ̀

Ọdún tí Amẹ́ríkà ń dìbò yan ààrẹ, tí ètò ọrọ̀-ajé sì ń wó lulẹ̀, ni wọ́n fi sáà yìí hàn, ó sì hàn nínú ìtàn wọn. Treehouse of Horror XIX, abala ẹlẹ́rù tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún, jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2008, ọjọ́ méjì géré ṣáájú ìdìbò. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi Homer hàn níwájú ẹ̀rọ ìdìbò: ó fẹ́ dìbò fún Barack Obama, ẹ̀rọ ń gbé ìbò rẹ̀ fún John McCain. Nínú No Loan Again, Naturally, Homer kò lè san owó tó fi ilé yá mọ́, wọ́n gbé ilé náà sórí gbàǹjo, Ned Flanders aládùúgbò rẹ̀ rà á, ẹbí Simpson wá di ayálégbé nínú ilé ara wọn. Ayálégbé tó ń yọ onílé lẹ́nu pọ̀ nínú eré, ṣùgbọ́n èyí ta lára nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà ló ń pàdánù ilé wọn ní àkókò yẹn gan-an.

Mypods and Boomsticks, tó jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, gba ọ̀nà mìíràn. Ìdílé Mùsùlùmí kan láti Jọ́dánì kó wá sí àdúgbò, Bart bá Bashir ọmọ wọn ṣọ̀rẹ́, Homer sì gba ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ọtí gbọ́ pé afàdó-olóró ni bàbá ọmọ náà. Homer fúnra rẹ̀ ni ìtàn náà dójú tì. Ìtàn kejì inú abala náà, tó ń fi ilé-iṣẹ́ tó ń ta fóònù àti ẹ̀rọ orin olówó iyebíye ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní ìmí tó ti àkọ́kọ́.

Èyí tó rìn kọjá ojú tẹlifíṣọ̀n ni Homer and Lisa Exchange Cross Words. Lisa rí i pé òun ní ẹ̀bùn àdììtú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, tí a ń fi lẹ́tà kún àwọn ihò rẹ̀. Ó wọ ìdíje, Homer bá ta tẹ́tẹ́ lé ẹni tó ń bá a du ú. Nígbà tí Lisa gbọ́, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ti ìdílé ìyá rẹ̀, Bouvier. Homer wá bẹ Merl Reagle àti Will Shortz pé kí wọ́n bá òun fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ pamọ́ sínú àdììtú New York Times. Àwọn méjèèjì jẹ́ ẹni gidi: Reagle jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó mọ àdììtú ọ̀rọ̀ hun jù ní Amẹ́ríkà, Shortz sì ni olóòtú àdììtú ìwé ìròyìn náà; àwọn fúnra wọn ló fohùn sí i. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2008 tí abala náà jáde, àdììtú tí Reagle hun ni New York Times tẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ Homer sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, tí wọ́n tò ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti yanjú rẹ̀ láàárọ̀ kò mọ ohun tó ti kà títí di alẹ́.

In the Name of the Grandfather gbé Homer àti bàbá rẹ̀ lọ sí Ireland, níbi tí wọ́n ti mutí yó, tí wọ́n sì ra ilé ọtí tí kò ní oníbàárà. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Sky1 fi í hàn fún àwọn ará Ireland àti Bìrìtéènì ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2009, ọjọ́ àjọ̀dún Patrick Mímọ́, kó tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 22. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òkèèrè yóò rí abala kan ṣáájú àwọn tó ni ín. Abala tó parí sáà náà, Coming to Homerica, dá lórí àwọn ará Ogdenville: oko ọkà wọn bàjẹ́, wọ́n ń wá iṣẹ́ wá sí Springfield, àwọn ará Springfield kọ́kọ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, kó tó di pé wọ́n mọ odi dí wọn lọ́nà.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, Castellaneta gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy fún ohùn tó fọ̀ nínú Father Knows Worst. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ti gbé sítáǹbù márùn-ún jáde, olóókan 44 sẹ́ǹtì, tí Groening fúnra rẹ̀ ya àwòrán ẹbí náà sí.

Àwòrán tó fẹ̀ láàárín sáà

Ìdí tí sáà yìí fi bá Blu-ray mu ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ wà nínú abala kẹwàá, Take My Life, Please, ti ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2009. Títí di abala kẹsàn-án, Lisa the Drama Queen, ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni wọ́n ń ya eré náà fún, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ sí gíga rẹ̀ jẹ́ 4:3. Láti abala kẹwàá lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á fún ojú tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé, 16:9, pẹ̀lú àwòrán tó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n lo ànfààní náà láti tún ìbẹ̀rẹ̀ eré ṣe látòkèdélẹ̀, ohun tí wọn kò tíì ṣe láti sáà 2. Ọ̀nà tí Bart ń gbà fi pákó onítáyà sáré wálé kún fún èrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tẹlifíṣọ̀n iyàrá wọn náà ti di pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Nínú ìbẹ̀rẹ̀ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ohun tí olùkọ́ fi jẹ Bart níyà láti kọ sójú pátákó ni pé tẹlifíṣọ̀n tuntun náà tó owó tí wọ́n ń dá lé e.

Nítorí náà, sáà méjì ló dà bí ẹni pé ó wà nínú àpótí kan. Lórí Blu-ray, àwọn abala mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ní òkùnkùn lápá ọ̀tún àti òsì, àwòrán wọn kò sì mọ́ gaara nítorí pé bí wọ́n ṣe yà wọ́n nìyẹn. Àwọn méjìlá yòókù kún ojú tẹlifíṣọ̀n bámúbámú. Ẹni tó bá ń wò wọ́n tẹ̀ léra wọn yóò rí ìyípadà náà ní ojú ẹsẹ̀, kò sì sí ibòmíràn nínú gbogbo àwo The Simpsons tí a ti lè rí i.

Àpótí náà fúnra rẹ̀

Láti ìgbà tí sáà 1 ti jáde lórí DVD ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àṣà kan ti wà tí Fox kò yẹ̀. Gbogbo abala ló ń ní àlàyé, níbi tí àwọn tó kọ ọ́, àwọn tó darí rẹ̀ àti nígbà míì àwọn òṣèré ti ń sọ̀rọ̀ bí àwòrán ṣe ń lọ. Àwọn ibi tí wọ́n gé kúrò tún máa ń wà níbẹ̀, àti àwòrán ìdáwọ́lé tí wọn kò tíì kùn. Ní ti ẹni tó ń ra àpótí sáà 1 sí 12, ènì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjà. Ó wà lára ohun tó mú kí sáà 1 jẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n tó tà jù lórí DVD, títí eré apanilẹ́rìn-ín Chappelle's Show fi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2004.

Kò sí èyí kankan nínú sáà 20. Kò ní àlàyé lórí abala kankan. Ènì rẹ̀ kò ju àwòrán kúkúrú kan tó ń polówó ètò àjọ̀dún ogún ọdún eré náà, èyí tí Morgan Spurlock darí, tí Fox sì fi hàn ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 2010. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ètò náà ni àpótí jáde, ibẹ̀ sì ni ìdí ìkánjú rẹ̀ wà: àjọ̀dún ni wọ́n ń lé bá. Sáà náà kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tó parí lórí tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì ni sáà 12 tó ṣáájú rẹ̀ jáde ti lé lọ́dún mẹ́jọ kó tó dé orí DVD. Àwọn tó ń ra àpótí wọ̀nyí látìbẹ̀rẹ̀ kò gbóríyìn fún un, ẹjọ́ wọn sì tọ́, nítorí pé àlàyé àwọn tó ṣe eré ni ọ̀pọ̀ fi ń ra àwo ohun tí wọ́n ti wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán àti ohùn orí Blu-ray ni wọn kò rí wí.

Ẹni tó bá rà á ní Amẹ́ríkà tó fẹ́ wò ó nílé ní láti wo àmì ẹkùn ara páálí rẹ̀. DVD pín ayé sí ẹkùn: Amẹ́ríkà àti Kánádà wà ní ẹkùn 1, Bìrìtéènì ní ẹkùn 2, Bùràsíl àti Kúbà ní ẹkùn 4, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní ẹkùn 5. Ẹ̀rọ tó bá tẹ̀ lé òfin yìí kò ní gba àwo ẹkùn mìíràn, àyàfi tí wọ́n bá ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ẹkùn. Ìpín ti Blu-ray yàtọ̀: A ni ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àríwá àti gúúsù, B ni ti Yúróòpù àti Áfíríkà.

Lẹ́yìn sáà 20

Fox padà sí ìlà. Sáà 13 jáde nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2010, lórí DVD àti Blu-ray, pẹ̀lú àlàyé bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀kan ń jáde ní oṣù Kejìlá ọdọọdún: sáà 14 ní 2011, sáà 15 ní 2012, sáà 16 ní 2013, sáà 17 ní 2014. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, Al Jean kéde pé kò ní sí àpótí mọ́, nítorí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn òǹwòran ń lọ. Sáà 18 àti 19 wá di àlàfo láàárín 17 àti 20.

Ariwo àwọn olólùfẹ́ eré náà kò lọ lásán. Nínú oṣù Keje ọdún 2017 wọ́n kéde ní San Diego pé àpótí yóò tún jáde, sáà 18 sì dé ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún náà. Sáà 19 tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2019. Nígbà yẹn Disney ti ra ilé-iṣẹ́ tó ni 20th Century Fox, wọ́n sì ti ń fi gbogbo sáà hàn lórí Disney+, ibi ìwòran rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti oṣù Kọkànlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé òkè àti ìsàlẹ̀ àwọn abala 4:3 kí wọ́n lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé, ẹ̀fẹ̀ mìíràn sì bá a lọ. Oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni wọ́n tó fún àwọn òǹwòran ní ànfààní láti wò wọ́n bí wọ́n ṣe yà wọ́n. Àwọn abala mẹ́sàn-án ìbẹ̀rẹ̀ sáà 20 kò ní ìṣòro yìí lórí àwo.

Kò sí sáà kankan láti 21 lọ tí Fox tàbí Disney gbé jáde lórí àwo ní Amẹ́ríkà. Lórí DVD, àpótí 1 sí 20 pé, ó sì jẹ́ pé èyí tó gba nọ́ńbà 20 ti wà lórí àtẹ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí 19 tó dé. Lórí Blu-ray kò rí bẹ́ẹ̀: sáà 18 àti 19 jáde lórí DVD nìkan, nítorí náà 13 sí 17 àti 20 ni gbogbo ohun tó wà.