Nígbà Ìdin Ni Ọ̀bọ̀nùnbọ̀nùn Ẹlẹ́mú Ti Ń Tóbi

Ẹni tó bá ń sin ọ̀bọ̀nùnbọ̀nùn ẹlẹ́mú, kòkòrò tí ẹnu akọ rẹ̀ gùn síta bí ẹ̀mú, kò ní ṣàì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn tó ń wá wò ó: “Èyí mà kéré o! Ẹ máa bọ́ ọ dáadáa, á tóbi.” Kò lè tóbi. Ọjọ́ tó ti yọ ìyẹ́ ni gígùn rẹ̀ ti parí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń gé fún un á fún un lágbára láti rìn, láti jà, láti gun abo, ṣùgbọ́n kò ní fi bíńtín kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó tètè yé ará Ọ̀yọ́, nítorí igbá. Afíngbá lè fín ẹja àti alángbá sára igbá, kò lè sọ ọ́ di ńlá. Orí ìtàkùn ni igbá ti ń tóbi, nígbà tó ṣì tutù, tí omi ṣì ń wọ inú rẹ̀. Bí òjò bá ṣẹ́ nígbà yẹn, kékeré ni yóò gbẹ sí, ọ̀bẹ kankan kò sì lè tún un ṣe. Ìdin ni igbá tútù. Kòkòrò dúdú tó ń dán ni igbá gbígbẹ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdin ń bọ́ awọ. Lẹ́yìn ìkejì ni jíjẹun gidi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Dorcus hopei, irú ọ̀bọ̀nùnbọ̀nùn ẹlẹ́mú kan tí wọ́n fẹ́ràn gan-an ní Japan: akọ kan lè máà ju sẹ̀ntímítà 3 lọ, kí akọ mìíràn nínú irú kan náà ju 7 lọ. Ẹ̀mú ti kékeré kò sì kàn kéré, ó kúrú ju bó ṣe yẹ ara rẹ̀ lọ. Ọgbọ́n ńlá lèyí lójú tèmi: ara tí ebi ń pa kì í fi ìwọ̀nba tó ní ṣe ohun ìjà.

Igi ni oúnjẹ ìdin náà, kì í ṣe ilẹ̀ àtàn. Ọ̀bọ̀nùnbọ̀nùn oníwo tó ń ba ọ̀pẹ jẹ́ ló ń yé sí àtàn. Lẹ́búlẹ́bú pákó tútù náà kò wúlò. Olú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kí ó funfun, kí ó sì rọ̀. Àwọn ará Japan máa ń dìídì gbin olú sínú lẹ́búlẹ́bú inú ìgò, wọ́n á wá fi ìdin kan ṣoṣo sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, torí àwọn ìdin lè bu ara wọn jẹ. Mesotopus tarandus, ẹlẹ́mú mìíràn ti igbó Kamẹrúùnù, tiẹ̀ ń yan olú: igi tí olú tó ń jẹ́ Trametes versicolor ti jẹ ló wù ú jù.

Ooru ni wàhálà Ọ̀yọ́. Ìwọ̀n ooru 20 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló tẹ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán oṣù kejì àti ìkẹta ń kọjá 30. Ìdin tí ooru bá mú a tètè para dà kí ó tó yó. Ilẹ̀ yàrá ilé alámọ̀, lẹ́bàá ìkòkò omi, sàn ju orí àjà lọ.

Bí ìdin bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń gbẹ́ ihò kan tó dán sínú igi, kí ẹnikẹ́ni má yí ìgò náà mọ́. Bí ihò yẹn bá wó, ìyẹ́ á wọ́. Funfun ni ìyẹ́ ń yọ, á pọ́n, á wá dúdú; kòkòrò náà sì lè jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù láìjẹun. Ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ni ká tó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀.