Ewu tó wà nínú "ẹ kú iṣẹ́": bí ìkọlù àwọn agbésùnmọ̀mí ṣe ń ba ìlera òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn jẹ́

Bí ẹnì kan bá bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé ní gúúsù Kwara, tẹbí tará ni yóò wọ́ wá sí ilé rẹ̀ láti kí i pé "ẹ kú ewu". Nọ́ọ̀sì tó fi gbogbo òru di ojú ọgbẹ́ àwọn tí ìbọn bà nínú ìkọlù yẹn kan náà, "ẹ kú iṣẹ́" ni wọ́n máa ń kí òun. Lójú àwùjọ, ewu ló dé bá ẹni àkọ́kọ́, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sì ni ẹni kejì ṣe. Ìmọ̀ ìṣègùn kò pín in bẹ́ẹ̀. DSM-5, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2013 láti máa fi dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń mú kó máa fojú kan ohun ẹlẹ́rù tí ìjàǹbá fi sílẹ̀, lemọ́lemọ́, lè ní àìsàn ìpayà kan náà tí ẹni tí ìjàǹbá ọ̀hún ṣẹlẹ̀ sí gan-an ń ní.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà, wọ́n kọlu báǹkì márùn-ún, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí àwọn ọlọ́pàá wà nínú wọn. Ní oṣù kejì 2024, àwọn agbébọn pa ọba ìlú Koro ní ààfin rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, wọ́n pa àwọn tó ń ṣọ́ ìlú ní Òkè-Ode, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá, wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Eruku, wọ́n pa nínú àwọn tó ń jọ́sìn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sínú igbó. Orúkọ tí a fi ń pe ẹni tó yìnbọn yàtọ̀ síra nínú gbogbo ìwọ̀nyí: adigunjalè, ajínigbé, agbésùnmọ̀mí. Ara òṣìṣẹ́ tó gba àwọn tó fara gbọgbẹ́ kì í béèrè orúkọ.

Ẹni tí ìbọn bá bà ní ìgbèríko sábà máa ń kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn kékeré tó sún mọ́ ọn, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán tàbí ní Ọ̀fà, bí ọ̀rọ̀ bá sì ju agbára ibẹ̀ lọ, wọn yóò gbé e gba Àjàṣẹ́-Ìpo wá sí Ìlọrin, bóyá sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Ọ̀sẹ́. Nítorí náà, ìkọlù kan ṣoṣo a máa gba ara òṣìṣẹ́ ibi mẹ́ta kọjá. Àwọn ti Ìlọrin ní dókítà púpọ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ní iná. Agbẹ̀bí tó wà ní ìpilẹ̀ ọ̀nà náà lè jẹ́ òun nìkan, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti báńdéèjì, nígbà tí ìró ìbọn kò tíì dákẹ́ tán.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ní wákàtí àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn. Bí ìròyìn bá dé pé ọkọ̀ ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ bọ̀, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà kékeré méjì tó jókòó lé orí kíndìnrín, àwọn náà a sì tú adrenaline àti cortisol, àwọn èròjà tí ń múra ara sílẹ̀ de ewu, sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà a máa lù kíkankíkan, ẹ̀jẹ̀ a ya lọ sínú iṣan apá àti ẹsẹ̀, ebi a dákẹ́, ẹ̀yìn tó ti ń dunni láti àárọ̀ a fúyẹ́. Agbára yìí ló jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè wà lórí ìdúró fún wákàtí méjìlá láìfi nǹkan kan ẹnu, síbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n bó ti ń wá iṣan tí yóò fi omi sí. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ sá tàbí tó fẹ́ jà ni a dá agbára náà fún. Àgbẹ̀ tó sá wọ igbó ti ná an tán lẹ́sẹ̀ kó tó sinmi, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tẹ̀ba sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rán awọ. Ẹ̀rù tí kò ráyè jáde nígbà iṣẹ́ a dúró de ìgbà tí ilé bá pa rọ́rọ́.

Ohun tí ojú rí nìkan kọ́ ló ń dá ọgbẹ́ yìí síni lára. Èyí tó ń wọni lára jù, tó sì ṣòro jù láti sọ, ni ti yíyàn. Bí àwọn tó fara gbọgbẹ́ bá ti pọ̀ ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ, ìlànà iṣẹ́ ni kí wọ́n pín wọn sí àwọ̀ mẹ́rin: pupa fún ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá lóhùn lójú ẹsẹ̀, yẹ́lò fún ẹni tó lè dúró díẹ̀, àwọ̀ ewé fún ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, dúdú fún ẹni tó ti kú tàbí tí ohun èlò tó wà nílẹ̀ kò lè gbà là. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tí tirẹ̀ burú jù ni gbogbo dókítà yóò sáré bò. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n lè ní láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìlànà náà tọ̀nà, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀mí púpọ̀ là, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ so àmì dúdú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Dókítà tó ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé àpò ẹ̀jẹ̀ méjì péré ló kù lè máa ṣe ìṣirò yẹn lórí ibùsùn rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ọgbẹ́ ẹ̀rí-ọkàn ni èyí. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀rù, nítorí ẹni tó ní in kò bẹ̀rù ohun tí ẹnikẹ́ni yóò ṣe fún un. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, tàbí tí kò lè ṣe, ló ń jẹ ẹ́.

Ìlú kékeré tún ń dá kún un. Láàárín àwọn Ìgbómìnà àti Èkìtì Kwara, nọ́ọ̀sì tó ṣí aṣọ lójú ẹni tí wọ́n gbé wọlé lè bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, tàbí tíṣà tó kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwé. Fóònù ń dún nínú àpò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ilé ni wọ́n ti ń pè é.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera gan-an ni wọ́n wá bá. Ní oṣù kejì 2013, wọ́n yìnbọn pa àwọn obìnrin tó ń fún àwọn ọmọdé ní àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní Kano. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2018, Boko Haram jí òṣìṣẹ́ ìlera mẹ́ta gbé ní Rann ní ìpínlẹ̀ Borno, kí ọdún yẹn sì tó parí, wọ́n ti pa méjì nínú wọn. Agbẹ̀bí ni àwọn méjèèjì. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ṣe ìpinnu 2286 láti oṣù karùn-ún 2016, tó dẹ́bi fún ìkọlù sí ilé ìwòsàn àti òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n agbẹ̀bí tó ń sùn sí ilé ìwòsàn ìgbèríko mọ̀ pé ìpinnu kì í ti ilẹ̀kùn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni oorun yóò dá lójú wọn, tí ohun tí wọ́n rí yóò máa padà wá láìpè, tí òórùn ẹ̀jẹ̀ kò ní kúrò ní imú wọn bí wọ́n tilẹ̀ fi ọṣẹ wẹ̀ nígbà mẹ́ta. Níbi tí àwọn agbésùnmọ̀mí ti máa ń gun ọ̀kadà wá, ìró ọ̀kadà lásán lóru tó láti gbé ènìyàn dìde. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Fún ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, ìwọ̀nyí a máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ju oṣù kan lọ, tí ẹni náà bá ń yẹra fún wọ́ọ̀dù kan pàtó, tí ó ń ta gìrì sí ohun kékeré, tí ayọ̀ àti ìfẹ́ inú rẹ̀ sì ti kú, nígbà náà ni àwọn oníṣègùn tó lè sọ pé ó ti di àìsàn ìpayà tí ń tẹ̀ lé ìjàǹbá.

Ara kì í sì í dá ẹrù náà sọ́tọ̀ fún ọpọlọ nìkan. Cortisol tí kò padà sí ààyè rẹ̀ a máa da oorun rú, a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, a sì máa mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ le fún ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 lórí àgbàlagbà tó lé ní 17,000 ní Ísírẹ́lì, láti ẹnu onírúurú iṣẹ́, fi hàn pé ẹ̀rù àwọn agbésùnmọ̀mí wà lára ohun tó bá bí ọkàn wọn ṣe ń yára lù sí i lọ́dọọdún rìn, àní nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tún ní ewu kan tí àwọn yòókù kò ní: kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Diazepam lè fún un ní oorun òru kan, ṣùgbọ́n ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2013 sọ pé kí wọ́n má ṣe fi irú oògùn yìí tọ́jú ìpayà àgbàlagbà ní oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá. Ara a máa mọ́ ọn, lílò rẹ̀ a sì di tipátipá.

Láti ara ẹnì kan, àìsàn náà a bọ́ sínú ètò iṣẹ́. Ẹni tí kò sùn dáadáa a máa ṣe àṣìṣe nínú òṣùwọ̀n oògùn, a máa jágbe mọ́ aláìsàn, ọ̀gá a sì máa bá a wí pé ìwà rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn kan yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé àwọn padà sí Ìlọrin, àwọn mìíràn yóò jápa. Dúútì àwọn tó lọ a di ti àwọn tó kù, oorun tiwọn náà a sì dínkù. Níkẹyìn, aboyún tó rọbí lóru ní abúlé a dé ilé ìwòsàn, a sì bá ilẹ̀kùn ní títì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìbọn kankan tó dún lọ́jọ́ náà.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ètò iṣẹ́ wà lára ohun tó ń dá àìsàn yìí sílẹ̀, inú ètò iṣẹ́ náà ni púpọ̀ nínú ìwòsàn rẹ̀ wà. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 22 oṣù keje 2011 ní Norway, tí ènìyàn 77 kú, ìwádìí fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìgbàlà tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ kò ní àmì àìsàn ìpayà tó àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ kankan. Ìdánrawò ṣáájú ọjọ́ ibi ń ṣe ìrànwọ́ gidi. Lọ́jọ́ náà fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn kò le: oúnjẹ gbígbóná, ìṣẹ́jú díẹ̀ láti pe ilé, ẹni tí yóò gba ipò ẹni tó ti ṣe wákàtí méjìlá, ọkọ̀ tí yóò gbé e délé láìsí ewu. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n kó gbogbo ènìyàn jọ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n fi dandan mú wọn ròyìn ohun tí wọ́n rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fara mọ́ ọn, nítorí kò dènà àìsàn náà. Kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Àdúrà àlùfáà àti ti àlfáà máa ń ró ọkàn ènìyàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn tó ti kọjá oṣù kan nílò oníṣègùn ọpọlọ tàbí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró ni ìbẹ̀rù pé wọn yóò pe àwọn ní wèrè, pàápàá níbi tó ti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọn yóò ti lọ gba ìtọ́jú. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 lòdì sí kí a ya irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ọ̀gá ilé ìwòsàn bá kọ ìbẹ̀wò náà sínú rósítà gbogbo òṣìṣẹ́, bó ti ń kọ dúútì alẹ́, kò ní sí ẹni tí wọn yóò máa nàka sí.

Gbogbo òṣìṣẹ́ yìí kò mọ sórí dókítà àti nọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà áḿbúláǹsì gba ojú ọ̀nà tí ìbọn ti dún padà ní alẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì ló wẹ òkú, òun ló sì dúró ti àwọn ẹbí tó wá wo ojú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ yóò ti gbé garawa omi àti ọṣẹ, yóò kúnlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù, yóò fọ ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ àárín táìlì, yóò bá bàtà ọmọdé kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì ní mọ ẹni tí yóò fún. Orúkọ rẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.