Wúrà Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Àyẹ̀wò Omi àti Bí Iyèméjì Ṣe Ń Gbilẹ̀

Láti Ìpẹ̀ríndó dé Ìtagúnmodì àti Igún-Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wúrà wà nínú àpáta àti nínú iyanrìn etí odò, ó sì ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń wà á. Àwọn tó ń fọ́ àpáta pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ awakùsà kéékèèké tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì, abọ́ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣiṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni omi odò Ọ̀ṣun, tó ń ti ilẹ̀ Èkìtì bọ̀, tó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá lọ sí Òṣogbo, ti rú gùdù tó dà bí ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jiyàn lórí àwọ̀ omi náà ní Iléṣà, nítorí gbogbo èèyàn ló fi ojú rí i. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni èyí tí ojú kò lè rí: àwọn èròjà olóró bí òjé, mẹ́kúrì àti ásínìkì, àti ẹni tó kó wọn dé inú omi. Ìbéèrè méjì ni. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé àyẹ̀wò. Ti èkejì jẹ́ ti òfin àti ti owó. Ibi tí a bá ti jẹ́ kí méjèèjì lọ́ mọ́ra wọn ni iyèméjì ti ń gbilẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá fẹ́ san owó tí ìdáhùn ìbéèrè kejì lè mú wá yóò gbógun ti ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe ń dé inú omi. Wúrà etí odò kì í dá wà; inú amọ̀ àti iyanrìn ló ń sá pamọ́ sí. Bí awakùsà bá ń fọ iyanrìn láti yọ wúrà, amọ̀ yóò bá omi lọ, òun ni ó sì ń sọ odò di ẹrẹ̀. Àpáta tó ní wúrà nínú sábà máa ń ní imí ọjọ́ pẹ̀lú, àti ásínìkì tàbí òjé tó so mọ́ ọn. Nígbà tí àpáta náà ṣì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọn kì í sábà ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí a bá wú u síta, tí afẹ́fẹ́ àti òjò kàn án, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀. Mẹ́kúrì yàtọ̀ sí èyí, nítorí èèyàn ló ń gbé e wá. Àwọn awakùsà tó ń lò ó máa ń pò ó mọ́ iyanrìn tí wọ́n ti fọ̀ kí ó lè kó èérún wúrà jọ, wọn yóò wá fi iná sun ún kí mẹ́kúrì lè fẹ́ lọ kí wúrà sì kù. Èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń sun ún àti ti àwọn tó wà nítòsí, èyí tó bá sì dà sílẹ̀ ń bá àgbàrá lọ sínú odò, níbi tí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ti ń sọ ọ́ di oríṣi mẹ́kúrì tó máa ń kó jọ sínú ẹran ara ẹja.

Ìlànà omi mímu ní Nàìjíríà sọ pé òjé kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi kan. Iye kan náà ni ti ásínìkì, mẹ́kúrì kò sì gbọdọ̀ ju 0.001 lọ. Iye yìí kéré débi pé kò sí ahọ́n tó lè tọ́ ọ wò, kò sì sí imú tó lè gbóòórùn rẹ̀. Èyí gan-an ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún àwọn ará ìlú láti gbà. Ìyá tó ń fi álọ́ọ̀mù sí omi odò rí i pé ẹrẹ̀ rọlẹ̀, omi sì mọ́ gaara. Álọ́ọ̀mù lè mú díẹ̀ lára ohun tó lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó mọ́ lójú lè ṣì ní èyí tó ti yòrò nínú. Síse omi ń pa kòkòrò àrùn, kò sì lè yọ òjé. Kàkà bẹ́ẹ̀, bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni òjé tó wà nínú èyí tó ṣẹ́kù ń ki sí i. Ìmọ̀ tó ti dáàbò bo àwọn ọmọ lọ́wọ́ onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ṣiṣẹ́ níbí, kò sì yẹ kí a bú ẹni tó bá gbà pé ó ṣiṣẹ́.

Báwo wá ni ilé àyẹ̀wò ṣe ń mọ̀? Ẹni tó lọ bu omi kì í kàn ki ike bọ odò. Ó máa ń fi omi odò náà ṣan ike lẹ́ẹ̀mẹta, yóò kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rú sókè má baà wọ inú ike, yóò sì kán ásíìdì sí i, nítorí bí kò bá kán an, òjé lè lẹ̀ mọ́ ara ike, èsì yóò sì sọ pé omi mọ́ nígbà tí kò mọ́. Yóò kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tó ti bu omi sára ike, yóò sì gbé e sínú yìnyín. Bí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, yóò mú ike kan tó kún fún omi mímọ́ dání láti ilé àyẹ̀wò, èyí tí yóò bá a lọ tí yóò sì bá a bọ̀, kí ó lè hàn bí ìdọ̀tí bá wọlé lójú ọ̀nà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, yóò bu omi láti òkè odò, níbi tí iṣẹ́ kùsà kò tíì dé, kí ó lè fi wé ti ìsàlẹ̀. Àyẹ̀wò tí kò ní omi òkè odò lè sọ pé òjé wà, kò lè sọ ibi tó ti wá.

Àyẹ̀wò méjì tí àwọn olóòótọ́ ṣe lè yàtọ̀ síra. Ní àkókò òjò, àgbàrá ń gbé ẹrẹ̀ púpọ̀ wọ odò, bẹ́ẹ̀ ni omi fúnra rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, nǹkan a yí padà. Ẹni tó sẹ́ omi rẹ̀ kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí iye tó kéré ju ti ẹni tó yẹ omi pẹ̀lú ẹrẹ̀ inú rẹ̀ wò. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, tí yóò sọ pé “ó ṣeé ṣe” tàbí “gẹ́gẹ́ bí ohun tí a rí ní oṣù yìí.” Létí ẹni tó ń retí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ti ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ bí a ṣe ń lo àlàfo yìí. Ní ọdún 1969, ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ sìgá kan kọ ọ́ sínú ìwé tí kò retí pé ará ìta yóò rí, pé iyèméjì ni ọjà tí àwọn ń tà. Kò pọn dandan fún wọn láti fi hàn pé sìgá kò léwu. Kí àwọn èèyàn ṣáà máa rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú ti tó. Ní ìlú Minamata ní Japan, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan ń da mẹ́kúrì sínú òkun, wọ́n ti ṣàkíyèsí àìsàn tó ń mú àwọn tó ń jẹ ẹja ibẹ̀ ní ọdún 1956, ṣùgbọ́n ọdún 1968 ni ìjọba tó gbà ní gbangba pé ilé-iṣẹ́ náà ló fà á. Ọdún méjìlá ni àwọn èèyàn fi ń jẹ ẹja náà lọ.

Kì í ṣe gbogbo iyèméjì ló ti ọwọ́ àwọn oníṣòwò wá. Ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán òògùn kan wò lára àwọn ọmọdé ní Kánò nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, ó sì wà lára ohun tó mú kí àwọn òbí fura nígbà tí Kánò dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní ọdún 2003. Ìfura bẹ́ẹ̀ ní ìdí. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ohun tí àwọn àgbẹ̀ etí odò sábà máa ń sọ rọrùn ju èyí lọ: àwọn oníṣẹ́ ìwádìí wá, wọ́n bu omi, wọ́n bi wá ní ìbéèrè, wọn kò padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Èsì tó parí sínú ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń mu omi náà. Èyí wúwo ju gbogbo ẹ̀sùn àìmọ̀wé tí wọ́n ń fi kan ará oko lọ.

Ó sì tún yẹ kí àwọn tó ń kìlọ̀ ṣọ́ra kí wọ́n má sọ̀rọ̀ kọjá ohun tí wọ́n mọ̀. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé inú àpáta wúrà pa ọmọdé tó lé ní irínwó. Àpáta ibẹ̀ kún fún òjé, inú agbolé ni wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́, tí eruku rẹ̀ ń bà sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ẹni tó bá sọ fún ará Ìtagúnmodì pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwọn yóò rí, láì yẹ àpáta àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ wò, ń fún iyèméjì ní oúnjẹ ni.

Ọ̀rọ̀ ta ló jẹ̀bi ní ọ̀nà tirẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ohun àlùmọ́ọ́nì sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Àbújá ni ìwé àṣẹ ìwakùsà ti ń wá, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni odò ti bàjẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ lè sọ pé àwọn kọ́ ni àwọn fọwọ́ sí i. Ìjọba àpapọ̀ lè sọ pé àwọn tí kò ní ìwé ló ń ba odò jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé lè nawọ́ sí àwọn tí kò ní. Awakùsà tí kò ní ìwé lè sọ pé ẹbí tó ni ilẹ̀ ti gba owó lọ́wọ́ òun. Ẹni tó ń ra wúrà kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ló ń gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Òfin ọdún 1992 pàṣẹ pé kí a yẹ àyíká wò kí iṣẹ́ ńlá bí èyí tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè sọ pé òjé náà ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wa, kò sì sí ohun tí a fi lè já a nírọ́ ju omi òkè odò tí a mẹ́nu bà lókè lọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà ṣe rí. Afẹ́fẹ́ káríbọ́ọ̀nù, tí jíjó èédú àti epo ń mú pọ̀ sí i tó sì ń mú ayé gbóná, tó wà ní nǹkan bí ìdá 280 nínú mílíọ̀nù kan kí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde ní Yúróòpù ti kọjá 420 báyìí. Àgbẹ̀ kòkó tó bá béèrè pé ṣé òun ló jó èédú náà ni, ìbéèrè tó tọ́ ló béèrè, àdéhùn àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ti ọdún 1992 sì gbà pé ẹrù náà kò dọ́gba lọ́rùn gbogbo orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n pé kì í ṣe òun ló jó o kò sọ pé ooru kò pọ̀ sí i.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ nítorí àyíká tó bàjẹ́ ní láti fi hàn pé ìyà tó jẹ òun ju ti àwọn ará ìlú yòókù lọ, ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló sì kú síbẹ̀. Ní ọdún 2018, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ kan pe ilé-iṣẹ́ epo ìjọba àpapọ̀ nítorí epo tó dà sínú odò ní ìpínlẹ̀ Ábíá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dúró fún àwọn ará ìlú. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í fi àwọ̀ omi dájọ́. Ẹ̀rí ló ń béèrè.

Nítorí náà ni ìlú tó bá fẹ́ gba èsì àyẹ̀wò gbọ́ fi gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń bu omi. Wọ́n lè pín omi kan náà sí ike méjì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí aṣojú ìlú àti ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò jọ fọwọ́ síwèé, kí ọ̀kan lọ sí ilé àyẹ̀wò tí oníṣẹ́ ìwádìí yàn, kí èkejì lọ sí èyí tí ìlú yàn, kí wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò ka èsì méjèèjì ní èdè Yorùbá níwájú gbogbo èèyàn kí ọlọ́kadà tó gbé ike kúrò létí odò.