Bí Òfin Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Ṣọ́ Èéfín Ìlú Ńlá

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ ìtàn òfin ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti London, ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, nígbà tí kùrukùru àti èéfín ọjọ́ márùn-ún pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré, n óò sì dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni orísun. Bí a bá ń wá ọjọ́ tí òfin kọ́kọ́ ká ohun tí ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ lọ́wọ́ kò, ọdún 1863 ni ó yẹ kí a lọ, nítorí pé ọdún náà ni òfin ní nọ́mbà kan pàtó tí ó ń lépa, tí ó sì ní ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún láti lọ wò ó bóyá nọ́mbà náà pé.

Kí ó tó di ìgbà náà, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń dá èéfín lẹ́kun. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, igi ìdáná ti ń wọ́n ní London, àwọn tí ń sun òkúta ẹfun fún iṣẹ́ ìkọ́lé sì yí sí èédú tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti etíkun àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èédú òkun ni àwọn ará ìlú ń pè é. Èéfín rẹ̀ ṣú dùdù, òórùn imí ọjọ́ sì wà nínú rẹ̀, débi pé Ayaba Eleanor, aya Ọba Henry Kẹta, kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Nottingham ní ọdún 1257 nítorí pé kò lè fara dà á. Ní ọdún 1285, Ọba Edward Kìíní yan ìgbìmọ̀ láti wádìí ẹ̀sùn tí àwọn ará London ń mú wá nípa àwọn tí ń sun ẹfun. Nígbà tí ó di ọdún 1307, ọdún tí ọba náà gan-an wàjà, ó pàṣẹ pé kí àwọn tí ń sun ẹfun ní Southwark àti àwọn àdúgbò kan létí ìlú padà sí igi àti èédú tí a fi igi ṣe, kí ẹni tí ó bá kọ̀ sì san owó ìtanràn tí ó wúwo. Ìtàn kan ń lọ káàkiri pé wọ́n pa ọkùnrin kan nítorí pé ó rú àṣẹ yìí. N kò gbára lé ìtàn náà, nítorí pé kò sí ẹ̀rí tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àṣẹ ọba fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí mọ́. Kò sí ẹni tí a yàn láti máa yí ká wo ààrò àwọn tí ń sun ẹfun, igi tí ọba sì ní kí wọ́n padà sí kò tíì pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ ni kò tíì rọjú. Ẹni tí a ní kó fi èyí tí ó rí rà sílẹ̀ lọ bá èyí tí apá rẹ̀ kò ká, dandan ni kí ó máa fi òru ṣe é. Ní ọdún 1661, John Evelyn kọ ìwé kan sí Ọba Charles Kejì pé kí wọ́n kó àwọn tí ń pọn ọtí, àwọn aláró, àwọn tí ń se ọṣẹ àti àwọn tí ń sun ẹfun jáde kúrò láàárín London, kí wọ́n sì gbin àwọn igi àti òdòdó olóòórùn dídùn yí ìlú ká. Kò sí òfin kankan tí ó tẹ̀yìn ìwé náà jáde.

Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ tí ooru omi ń tì dé, tí ilé iṣẹ́ sì kún ìlú, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gbìyànjú. Òfin ọdún 1821, tí Michael Angelo Taylor ṣe agbátẹrù rẹ̀, fún adájọ́ ní àṣẹ láti dá iye tí ẹni tí ó pe ẹjọ́ ná padà fún un, kí ó sì pàṣẹ fún onílé iṣẹ́ láti tún ààrò rẹ̀ ṣe. Òfin mìíràn tẹ̀lé e ní ọdún 1853 fún London nìkan. Àwọn méjèèjì fi ààrò inú ilé sílẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ilé kan ní ìlú tí kò dáná èédú. Òfin 1821 tún gbé gbogbo ẹrù lé ẹni tí èéfín ń pa lára: òun ni yóò gbẹ́jọ́ dìde, òun ni yóò wá ẹlẹ́rìí, òun náà ni yóò sì fi hàn pé ààrò kan pàtó ni ó da èéfín sórí aṣọ tí ó sá, láàárín ọgọ́rùn-ún ààrò tí ń yọ èéfín kan náà.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà kì í ṣe èéfín dúdú rárá. Gáàsì kan tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ni. Àwọn tí ń ṣe ọṣẹ, gíláàsì àti aṣọ nílò sódà púpọ̀, ọ̀nà tí Nicolas Leblanc ti ilẹ̀ Faransé ṣàwárí sì jẹ́ kí wọ́n lè fi iyọ̀ ṣe é. Àmọ́ bí a bá da ásíìdì imí ọjọ́ sí iyọ̀, gáàsì ásíìdì mìíràn máa ń jáde, ọ̀run ni àwọn ilé iṣẹ́ sì ń tú u sí. Ní St Helens àti Widnes, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi ń kú lórí ìdúró, ewéko inú ọgbà ń gbẹ, irin sì ń jẹrà. Àwọn onílé iṣẹ́ gbé ihò èéfín wọn ga sí i, kìkì ohun tí ó sì ti ibẹ̀ wá ni pé ibi ń dé oko àwọn tí ó jìnnà. Ìwòsàn ọ̀rọ̀ yìí wà nílẹ̀ láti ọdún 1836, nígbà tí William Gossage gba ìwé àṣẹ lórí ilé gogoro kan tí omi ń ṣàn wálẹ̀ nínú rẹ̀ bí gáàsì ti ń gun òkè, tí omi náà ń gba ásíìdì mọ́ra kí ó tó jáde. Púpọ̀ nínú àwọn onílé iṣẹ́ kò bìkítà láti lò ó dáadáa, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi dandan lé e.

Lord Derby, tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Knowsley kò jìnnà sí St Helens, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ ní ọdún 1862. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́: ikọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí igi àwọn ọlọ́lá ń kú ni òfin tó dìde. Òfin tí ó jáde ní ọdún 1863 ní kí ilé iṣẹ́ sódà kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì náà kí ó tó dé ojú ọ̀run. Onímọ̀ kẹ́míkà kan, Robert Angus Smith, di olùbẹ̀wò àgbà, pẹ̀lú ìgbákejì mẹ́rin. Kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹjọ́ dẹ́rù bani. Ó ń wọ inú ilé iṣẹ́, ó ń wọn ohun tí ń jáde, ó sì ń kọ́ onílé iṣẹ́ bí yóò ṣe tún ilé gogoro rẹ̀ ṣe. Láàárín àsìkò díẹ̀, ohun tí ń sá jáde ti dín púpọ̀ sí ìdá 5 tí òfin gbà láàyè. Atúnṣe ọdún 1874 wá fi ìlànà kan kún un tí òfin ilẹ̀ náà tẹ̀lé fún ìgbà pípẹ́, pé kí onílé iṣẹ́ máa lo ọ̀nà tí ó dára jù lọ tí ó ṣeé ṣe fún un. Àwọn kan sọ pé gbólóhùn yìí dẹ̀ jù, mo sì rò pé wọn kò jayò pa, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí òfin lè máa le sí i bí ẹ̀rọ ti ń dára sí i, láìjẹ́ pé a tún un kọ lọ́dọọdún. Smith yìí kan náà ni ó sọ orúkọ òjò ásíìdì ní ọdún 1872.

Èéfín dúdú ṣì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ bí yóò ṣe wọ̀n ọ́n. Chicago àti Cincinnati ní Amẹ́ríkà ṣe òfin ìlú lórí rẹ̀ ní ọdún 1881, adájọ́ sì ń béèrè pé báwo ni èéfín ṣe gbọ́dọ̀ ṣú tó kí ó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù wá láti ọ̀dọ̀ Maximilien Ringelmann ará Faransé, tí ó fi ìlà dúdú ya oríṣi àwọ̀ sórí páálí, láti 0 tí ó funfun dé 5 tí ó dúdú pátá. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò na páálí yìí sókè, yóò sì fi wé ohun tí ń jáde lórí òrùlé. Ohun tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ dúró lé.

St Louis ní Amẹ́ríkà ni ìlú tí ó kọ́kọ́ fi hàn mí gbangba pé a lè ṣe ohun tí ọba Edward kò lè ṣe. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1939, òkùnkùn bo ìlú náà lójú ọ̀sán, iná ojú títì sì ń jó ní àkókò tí ó yẹ kí oòrùn máa ràn. Raymond Tucker, tí ó ń darí iṣẹ́ ìdènà èéfín fún ìlú, mọ̀ pé èédú olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ará ìlú ń rà ni orísun rẹ̀. Òfin ọdún 1940 kò kàn ní kí wọ́n má ṣe yọ èéfín. Ó ní ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tí ń jó èédú dáadáa gbọ́dọ̀ ra èyí tí kì í yọ èéfín, ìlú sì ṣètò bí irú èédú bẹ́ẹ̀ yóò ṣe wọlé.

Nísinsìnyí a lè padà sí London. Láti ọjọ́ 5 sí 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, afẹ́fẹ́ tútù sé mọ́ ilẹ̀ lábẹ́ èyí tí ó gbóná, èéfín ààrò ilé àti ti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kò sì rí ọ̀nà gòkè. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ìjọba kọ́kọ́ sọ pé ó kú ju bí ó ṣe yẹ lọ. Àwọn olùwádìí tí ó tún un ṣírò lẹ́yìn náà sọ pé ó tó 12,000. Ìjọba kò yára rárá. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n tó yan ìgbìmọ̀ lábẹ́ Hugh Beaver, nígbà tí ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ ní 1954, ó di dandan kí aṣòfin kan, Gerald Nabarro, gbé àbá òfin tirẹ̀ dìde kí ìjọba tó ṣèlérí èyí tí ó jáde ní oṣù Keje ọdún 1956. Òfin yìí ni ó kọ́kọ́ wọ inú ilé àwọn ará ìlú jákèjádò ilẹ̀ náà. Ìjọba ìbílẹ̀ lè kéde pé àdúgbò kan kò gbọ́dọ̀ yọ èéfín mọ́, onílé tí ó bá sì ní láti pààrọ̀ ààrò rẹ̀ yóò gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ padà. Ní ti ihò èéfín ilé iṣẹ́, àwọ̀ kejì lórí páálí Ringelmann ni òfin fi ṣe ààlà.

Àmọ́ imí ọjọ́ inú èédú kò sí lórí páálí kankan. Ihò èéfín gíga gbé e kọjá òkun, ó sì ń bá òjò rọ̀ sínú adágún omi Norway àti Sweden títí àwọn orílẹ̀-èdè fi jọ fọwọ́ sí àdéhùn ní Geneva ní ọdún 1979.

Ní Los Angeles, ìṣòro náà gba ibòmíràn yọ. Ní oṣù Keje ọdún 1943, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ará ìlú débi pé àwọn kan rò pé ọ̀tá ni ó fi gáàsì kọlù wọ́n. Wọ́n fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ rọ́bà kan, wọ́n tì í pa, ojú sì ń ta wọ́n síbẹ̀. Àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947 fún gbogbo agbègbè náà lépa ilé iṣẹ́ epo àti àwọn tí ń sun pàǹtí, kí Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́míkà tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ wíwádìí ohun tí ń mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ta sánsán, tó fi hàn pé oòrùn ni ó ń se ohun tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń tú sílẹ̀ di májèlé. Orí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀sùn bọ́ sí. California fi ààlà sí èéfín ọkọ̀ ní ọdún 1966, òfin gbogbo Amẹ́ríkà tí Ààrẹ Nixon buwọ́ lù ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún 1970 sì ní kí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ gé púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún márùn-ún, nígbà tí ẹ̀rọ tí yóò ṣe é kò tíì sí lọ́jà. Wọ́n sún àkókò náà síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń yí májèlé inú èéfín padà, tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀, dé pẹ̀lú ọkọ̀ ọdún 1975. Nítorí pé òjé inú epo bẹntiróòlù máa ń ba ẹ̀rọ yìí jẹ́, epo tí kò ní òjé ní láti wà ní ilé epo, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé òjé kan náà ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tí ó kẹ́yìn, tó dáwọ́ títà á fún ọkọ̀ dúró.

Ní Delhi, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà ni ó ṣe iṣẹ́ aṣòfin, nígbà tí ó pàṣẹ ní ọdún 1998, lórí ẹjọ́ agbẹjọ́rò M. C. Mehta, pé kí gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú máa lo gáàsì dípò dísù.

Àwọn àgbà máa ń fi ìwà wé èéfín, wọ́n ní kò ṣeé fi pamọ́. Èyí tí ó burú jù nínú èéfín ni ó fara pamọ́ jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìlú mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 1993, fi hàn pé eruku tín-ín-tín, tí ó kéré sí irun orí lọ́pọ̀ ìlọ́po, ni ikú ń tẹ̀ lé jù, òfin ibẹ̀ sì fi ààlà sí i ní ọdún 1997 lábẹ́ orúkọ PM2.5. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju máíkírógíráàmù 10 nínú mítà onígun mẹ́ta afẹ́fẹ́ lọ́dún, nígbà tí ó sì di ọdún 2021 ó já a sí 5. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, adájọ́ tí ń wádìí ikú ní London sọ pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí wà lára ohun tí ó pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan tí ó ní àìsàn ásímà, lẹ́yìn náà ó sì dábàá pé kí ìjọba sọ ìwọ̀n Àjọ Ìlera di òfin. Ìwọ̀n 10 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ sínú òfin ní ọdún 2023, ó sì fún ara rẹ̀ di ìparí ọdún 2040. Àpapọ̀ Yúróòpù mú nọ́mbà kan náà, ó ní kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2030.