Iná ẹ́ńjìnì tàn, wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni: ṣé òótọ́ ni?

Fídíò kan ń lọ láti fóònù dé fóònù. Ọkùnrin kan wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ó sọ ọ́ sílẹ̀ gbàlà, ó ní ọgbọ́n ìjẹ àwọn tó ń ta páàtì ni, pé ọkọ̀ kò nílò rẹ̀. Àtìgbà náà ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé. Díẹ̀ nínú wọn rèé.

Kí ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe gan-an?

Ó ń tọ́ èéfín wò. Ara páìpù sáíléńsà ló dúró sí, orí rẹ̀ wà nínú èéfín, ó sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bóyá ọ́síjìn ṣẹ́kù lẹ́yìn tí epo ti jó. Bí ọ́síjìn bá ṣẹ́kù púpọ̀, epo kò tó. Bí kò bá ṣẹ́kù, epo ti pọ̀ jù. Kí kílò epo bẹntiróòlù kan tó lè jó tán pátápátá, ó máa ń gba nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7. Ìwọ̀n yẹn ni kọ̀ǹpútà ń lé kiri tọ̀sán-tòru, tó ń bù kún epo, tó tún ń dín in kù.

Ṣé ọkọ̀ mi lè kú sójú ọ̀nà nítorí pé kò rí ọ́síjìn mí?

Rárá. Sẹ́ńsọ̀ kì í fún ẹ́ńjìnì ní afẹ́fẹ́, ìròyìn ló ń mú wá.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ kò ní in, wọ́n sì ń rìn.

Òótọ́ ni. Ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe é fún ọkọ̀, ara ọkọ̀ Volvo tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ló sì ti kọ́kọ́ hàn ní 1976. Láti 1996, òfin Amẹ́ríkà ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun máa ṣọ́ èéfín ara rẹ̀, ìyẹn ló fi di pé ọkọ̀ ní ó kéré tán méjì: ọ̀kan ṣáájú catalytic, ìyẹn ìkòkò irin inú sáíléńsà tó ń fọ èéfín mọ́, èkejì lẹ́yìn rẹ̀. Kábúrétọ̀ ló ń po epo fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́, kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kọ̀ǹpútà tó ń darí íńjẹ́tọ̀, ìyẹn ohun tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnì ìgbà yìí, ń béèrè. Ọkùnrin inú fídíò kò dé ibi yẹn.

Ẹ̀rọ sikáànì ti kọ orúkọ sẹ́ńsọ̀ náà sójú. Kí ló tún kù?

Ó kù púpọ̀. Kóòdù, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń kọ sílẹ̀ nígbà tí iná ẹ́ńjìnì bá tàn, tí sikáànì sì ń kà, kì í dá ẹjọ́, ibi tí ẹ̀sùn ti wá ló ń sọ.

Àwọn kóòdù kan wà tó nawọ́ sí sẹ́ńsọ̀ náà fúnra rẹ̀. P0135, fún àpẹẹrẹ, ní iná mànàmáná tó ń mú sẹ́ńsọ̀ iwájú gbóná ní wàhálà. Síbẹ̀, wáyà tó já tàbí fíúsì tó jó lè fa ìyẹn náà. P0171 yàtọ̀ pátápátá: ohun tó ń sọ ni pé epo kò tó afẹ́fẹ́. Sẹ́ńsọ̀ ló rí i, òun kọ́ ló fà á. P0420 ní catalytic kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ra sẹ́ńsọ̀ nítorí rẹ̀, tí wọ́n fi ń na ikọ̀ tí wọ́n fi ẹni tó rán an sílẹ̀.

Ẹ wo pílọ́ọ̀gì kan tó ti kú. Epo kò jó nínú sílíńdà rẹ̀, ìyẹn ihò ẹ́ńjìnì tí epo ti ń jó, afẹ́fẹ́ tí kò jó gba sáíléńsà jáde. Sẹ́ńsọ̀ rí ọ́síjìn rẹpẹtẹ, ó ní epo kò tó. Kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́, ó tún da epo sí i. Ọkọ̀ ń mu epo bí ẹni pé wọ́n ṣépè fún un, gbogbo èèyàn sì ń bú sẹ́ńsọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó rí ló sọ. Bákan náà ni bí sáíléńsà bá lu níwájú sẹ́ńsọ̀, tó ń fa afẹ́fẹ́ ìta sínú.

Mo ti san owó ẹ̀kọ́ yìí rí. Mo ra tuntun, mo dè é, mo pa kóòdù rẹ́, ọjọ́ kejì iná tàn padà. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, mo gbọ́ ohùn kan, ṣìì, bí ẹni tó ń fa omi gba eyín. Rọ́bà kan tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ ló là lábẹ́, níbi tí ojú kò lè tó, tó ń fa afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kò sóhun tó ṣe é.

Báwo ni mo ṣe lè dán an wò kí n tó ná owó?

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, torí sẹ́ńsọ̀ kì í sọ̀rọ̀ títí tí orí rẹ̀ yóò fi gbóná tó nǹkan bíi 300°C. Kí ẹ wá wo iye fóòtì rẹ̀ lójú sikáànì. Ti iwájú gbọ́dọ̀ máa jó lọ sókè sódò láàárín 0.1 sí 0.9. Ẹ fa rọ́bà afẹ́fẹ́ kékeré kan yọ: ó yẹ kó já wálẹ̀. Ẹ dá a padà, kí ẹ tẹ tọ́rọ́tù, ìyẹn ibi tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, lójijì: ó yẹ kó fò sókè. Bó bá dáhùn kíákíá báyìí, ara rẹ̀ le, ẹ lọ wá ẹlẹ́ṣẹ̀ síbòmíràn. Bó bá dúró gbagidi sí nǹkan bíi 0.45, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ni: wáyà ti já tàbí sẹ́ńsọ̀ ti kú.

Ti ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ máa jó lọ sókè sódò bẹ́ẹ̀. Bó bá ń jó bíi ti iwájú, catalytic ni kí ẹ bi léèrè.

Ẹ fara balẹ̀ síbí o: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yìí ń lo irú mìíràn níwájú, tí wọ́n ń pè ní air-fuel sensor. Ìyẹn kì í jó láàárín 0.1 sí 0.9 rárá. Ẹni tó bá fi ìdánwò yìí dán an wò yóò dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín kọ́kọ́.

“Bank 1, sensor 2.” Èdè wo nìyí?

Bank 1 ni ẹ̀gbẹ́ tí sílíńdà àkọ́kọ́ wà. Sensor 1 wà ṣáájú catalytic, sensor 2 wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí sílíńdà ọkọ̀ yín bá wà lórí ìlà kan ṣoṣo, ẹ kì í sábà rí bank 2. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó gbé sipánà.

Kí ló ń pa á?

Ọjọ́ orí, ẹ́ńjìnì tó ń jó ọ́ìlì, omi rédíétọ̀ tó ń jò wọ inú iná, àti gọ́ọ̀mù sílíkónì tí ẹnì kan fi lẹ gásíkẹ́ẹ̀tì láìwo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Epo olójé náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àjọ àyíká Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè kéde ní 2021 pé kò sí orílẹ̀-èdè tó ń ta á fún ọkọ̀ mọ́.

Ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi?

Bí ọwọ́ yín bá lè dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Sókẹ́ẹ̀tì 22 mm tó ní ojú là kí wáyà lè gbà á kọjá ni wọ́n sábà ń lò. Ẹ wọ́n epo ìtú ìpẹtà sí i ṣáájú, kí ẹ tú u nígbà tí sáíléńsà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe ìgbà tó ń jóni. Ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dè tuntun, kí ẹ má fi ohunkóhun kan orí rẹ̀. Ara ìdè nìkan ni gíríìsì tí kì í jẹ́ kí ìdè há (anti-seize) ń lọ, ọ̀pọ̀ tuntun sì ti ní tirẹ̀ lára láti ilé iṣẹ́.

Ohun kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ wáyà gan-an ló máa ń ṣi ṣe. Sẹ́ńsọ̀ yìí ń fi ọ́síjìn inú èéfín wé ti ìta ni. Ibo ló ti ń rí ti ìta? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àárín àwọn okùn tín-ín-rín inú wáyà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Wáyà yẹn ni imú rẹ̀. Ẹni tó bá gé e, tó fi òjé jó o pọ̀, tàbí tó fi gíríìsì kún ẹnu ibi tí wọ́n ti ń so ó, ó ti di í nímú. Ìròyìn èké ni yóò máa mú wá lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun.

Bí n kò bá ṣe nǹkan kan ńkọ́?

Ọkọ̀ yóò máa rìn, yóò sì máa jẹ epo. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni catalytic: epo tí kò jó máa ń jó nínú rẹ̀, ó lè gbóná títí inú rẹ̀ yóò fi yọ́. Ó wọ́n ju sẹ́ńsọ̀ lọ fíìfíì. Bí iná ẹ́ńjìnì bá ń ṣẹ́jú dípò kó tàn lásán, ẹ rọra lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ pa ọkọ̀.

Ṣé kí n ṣe bíi ti fídíò, kí n yọ ọ́ sọnù?

Ihò tó fi sílẹ̀ yóò máa tú èéfín sábẹ́ ibi tí ẹ jókòó sí, èéfín náà sì ní carbon monoxide nínú, tí kò ní òórùn, tó sì ń pààyàn. Ọkùnrin yẹn kò fi bó ṣe dí ihò náà hàn wá.